Sitirọ́bẹ́rì Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà: Ohun Tó Ń Pa Á àti Bí A Ṣe Ń Gbìn Ín Tó Fi Ń Yè

Ó tutù yọ̀yọ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó funfun méjì mẹ́ta wà lórí rẹ̀, bóyá èso kan tiẹ̀ ti ń pọ́n lábẹ́ ewé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbìn ín, ewé ti rọ, etí ewé ti gbẹ, àárín gbùngbùn rẹ̀ ti dúdú. Ẹni tó bá rí i á ní àrùn ni wọ́n tà fún yín. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára sitirọ́bẹ́rì tó ń kú lẹ́yìn rírà, gbòǹgbò ló kọ́kọ́ kú; ewé kàn ń ròyìn ikú náà fún wa ni. Ohun tó ń pa gbòǹgbò kò sì pọ̀: omi tí kò ṣe déédéé, gbígbìn tó jìn jù tàbí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù, ajílẹ̀ tó tètè dé, àti ojúkòkòrò èso nígbà tí ọ̀gbìn náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù. Bí ó bá la ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn já pẹ̀lú gbòǹgbò tuntun lára, wàhálà tó kù kò tó nǹkan.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín gan-an

Ẹ wo sitirọ́bẹ́rì dáadáa, ẹ ó rí i pé kò ní igi tó gùn. Láàárín ewé àti gbòǹgbò, ibì kan wà tó kúrú, tó nípọn, tó sì le, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ. Ibẹ̀ ni mo máa pè ní ọrùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti orí ọrùn ni ewé, òdòdó àti ìtàkùn (okùn tó ń nà lórí ilẹ̀, tó ń bí ọmọ) ti ń yọ; láti ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ ni gbòǹgbò tuntun ti ń jáde. Bí gbogbo ewé bá gbẹ tán tí ọrùn ṣì le, ó ṣeé ṣe kó tún rúwé. Bí ọrùn bá jẹrà, ẹ má dúró dè é mọ́.

Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 àkọ́kọ́ láti ojú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan fi lè bà á jẹ́, tí ilẹ̀ tí omi ń dúró sí náà sì ń yára pa á.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tọ́ ọ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Wọ́n ń fún un ní oúnjẹ olómi lóòrèkóòrè, wọ́n ta ohun kan bò ó lórí kí oòrùn má pa á, atẹ́gùn kì í gbá a, àkókò omi rẹ̀ kì í sì yẹ̀. Ewé á tóbi, òdòdó á yára yọ, nítorí ohun tí oníbàárà ń wò nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ń bọ́ gbogbo ewé yẹn há sínú ike tí kò ju ìkúùkù lọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e sínú oòrùn gbangba, omi tó ń fẹ́ kúrò lára ewé á ju èyí tí gbòǹgbò lè fà lọ. Á rọ. Ẹ ó rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ ó da omi sí i. Ilẹ̀ tó ti kún fún omi kò ní àyè fún afẹ́fẹ́, gbòǹgbò náà sì ń mí. Tí kò bá rí afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Èyí tó ti rà kò lè fa omi, ewé á tún rọ sí i, ẹ ó tún da omi sí i. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kú nìyẹn: wọ́n rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ìdí wọn sì wà nínú omi.

Kì í ṣe inú ike nìkan ni wọ́n ń tà á sí. Àwọn kan máa ń tà á ní ìdìpọ̀, gbòǹgbò ìhòòhò láìsí iyẹ̀pẹ̀ kankan. Àwọn míì hú u nígbà tó ń sinmi nínú òtútù, wọ́n wá tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tó tutù tó −1 sí −2 °C títí di àsìkò gbígbìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí gbòǹgbò ìhòòhò á rò pé pàǹtí ni wọ́n tà fún òun. Lójú tèmi, òun gan-an ló sàn jù fún ẹni tó bá lè gbìn ín lójú ẹsẹ̀: kò ní ewé púpọ̀ tó ń béèrè omi, gbòǹgbò rẹ̀ kò ká mọ́ra wọn nínú ike, ẹ sì lè rí gbogbo ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó bá ojú ọjọ́ yín mu. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá kúrú, tí kò tó wákàtí 14, tí ara ilẹ̀ sì tutù, ló ń di òdòdó sínú ọrùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń so, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oríṣi kejì kò ka gígùn ọjọ́ sí. Ó lè so, kó sinmi díẹ̀, kó tún so, níwọ̀n ìgbà tí ooru kò bá pọ̀ jù. Bí ooru bá ti ń kọjá nǹkan bíi 30 °C lójoojúmọ́, òdòdó á dáwọ́ dúró. ‘Albion’, ‘Seascape’ àti ‘San Andreas’, tí wọ́n ti Yunifásítì California jáde, wà lára oríṣi kejì yìí. Ìwà àìka-ọjọ́-sí náà wá láti ara sitirọ́bẹ́rì inú igbó tí Royce Bringhurst, onímọ̀ ọ̀gbìn ní yunifásítì yẹn, rí ní àwọn òkè Wasatch ní Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó sì lò láti fi mú àwọn tuntun jáde. Bí òtútù kì í bá mú níbi tẹ́ ẹ wà, tẹ́ ẹ sì ra oríṣi kìíní tó nílò òtútù gígùn, ẹ lè tọ́jú ewé rẹ̀ fún ọdún méjì láìrí òdòdó. Kò sí ajílẹ̀ tó lè tún ìyẹn ṣe. Àwọn bíi ‘Chandler’ àti ‘Camarosa’ nínú oríṣi kìíní kò béèrè òtútù púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tàn ká àwọn ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá dúró síwájú àwọn ọ̀gbìn náà, ẹ fi ojú fo òdòdó àti èso. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú ike rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ wo gbòǹgbò. Gbòǹgbò tuntun tó yè a máa funfun; àwọn àgbà rẹ̀ lè pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n wọ́n á le. Èyí tó dúdú, tó ń yọ̀, tó ń rùn, tí awọ rẹ̀ ń bọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ fà á, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ ọrùn: ó gbọ́dọ̀ le. Ẹ yí ewé padà, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì funfun tóótòòtó lójú ewé, tí òwú tín-ín-rín wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò pín-ín-pìn-ìn tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn ti ń mu oje rẹ̀, ẹ ó sì gbé e lọ fún èyí tó wà nílé. Nínú onígbòǹgbò ìhòòhò, ẹ mú èyí tí ọrùn rẹ̀ nípọn tó pẹ́ńsùlù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ń tà èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì jẹ́rìí sí pé kò ní àrùn, ẹ fara mọ́ ọn kódà bó bá wọ́n díẹ̀. Àrùn sitirọ́bẹ́rì máa ń bá ọ̀gbìn rìn láti ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida ní sáà 2018 sí 2019 nìyẹn, nígbà tí àrùn ewé àti èso tí èbu kan tó ń jẹ́ Neopestalotiopsis ń fà bá ọ̀gbìn láti nọ́sìrì wọ inú oko ńlá.

Ọ̀rọ̀ kan lórí irúgbìn: ẹ má ra irúgbìn sitirọ́bẹ́rì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí irú rẹ̀ láyé; kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kun àwòrán náà. Irúgbìn tẹ́ ẹ bá sì yọ lára èso tẹ́ ẹ jẹ lè hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dà bí ìyá rẹ̀.

Bí ó bá ti kú, ẹ wo òkú rẹ̀

Ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ hú u, ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò, ẹ fi ọ̀bẹ mímú la ọrùn láti orí dé ìdí. Ìṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn máa gbà, á sì gbà yín lọ́wọ́ àtira òmíràn kó tún kú bákan náà.

Bí inú ọrùn bá funfun, tí gbòǹgbò sì gbẹ ṣaṣa, omi ni kò rí mu. Ẹ fọ́ ìṣù iyẹ̀pẹ̀ tó bá a wá láti inú ike. Ó sábà máa ń gbẹ táútáú nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tó yí i ká tutù. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń gbìn ín fún títà kì í gba omi mọ́ bó bá ti gbẹ pátá. Omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Èyí ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí ìka tí wọ́n ń tì bọ ilẹ̀ ń sọ fún wọn pé omi wà.

Bí gbòǹgbò bá dúdú tó sì rà, tí ilẹ̀ ń rùn, omi ló pọ̀ jù. Bí inú ọrùn bá ti di àwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Phytophthora, ohun tín-ín-tìn-tín kan tó ń fa àrùn, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi láti gbòǹgbò kan dé òmíràn. Irú Phytophthora míì wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ha awọ gbòǹgbò kúrò, àárín rẹ̀ á pupa. Bí inú ọrùn bá pupa mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ní tótòtó, tó sì jẹ́ pé nínú ooru àti ọ̀rinrin ló rọ lójijì, èbu tó ń jẹ́ Colletotrichum la máa fura sí. Èyí tí ewé ìta rẹ̀ ń gbẹ, tí ewé kéékèèké àárín sì dúró ṣinṣin ní tútù, èbu tó ń jẹ́ Verticillium ló sábà máa ń fà á. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì lè dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gbogbo àrùn ọrùn wọ̀nyí, oògùn kò lè jí èyí tó ti rọ tán. Ẹ sun ún tàbí ẹ kó o dànù, ẹ má kó o sínú ajílẹ̀ tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ má sì gbin òmíràn sí ojú ibẹ̀.

Bí ewé tuntun àárín bá dúdú kí ó tó là, iyẹ̀pẹ̀ ló bo ọrùn mọ́lẹ̀. Etí ewé tó gbẹ bí ìgbà tí iná jó o ní kété lẹ́yìn ajílẹ̀, iyọ̀ inú ajílẹ̀ ni. Sitirọ́bẹ́rì wà lára ohun ọ̀gbìn tí kò lè fara da iyọ̀ rárá. Ewé tuntun tó di àwọ̀ ìyeyè, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ilẹ̀ ibẹ̀ kò kan tó, kò sì lè rí irin fà nínú rẹ̀. Bí ọ̀gbìn bá sì ṣí kúrò nílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ kàn fọwọ́ kàn án, tí kò ní gbòǹgbò kankan, ẹ wá inú ilẹ̀ fún ìdin funfun tó ká kò. Ìyẹn ló jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí kì í ṣe àìsàn: ewé tó rọ lọ́sàn-án tó tún nà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ta bòòji lé e lórí díẹ̀, ẹ má fi omi pa á.

Gbígbìn rẹ̀

*Ìgbésẹ̀ kìíní: ilẹ̀.* Ẹ wá ibi tí oòrùn ń kàn fún wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́, tí omi òjò kì í dúró sí. Ẹ dán an wò: ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ da omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún da omi kún un. Bí omi kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ má gbìn ín sí ojú ilẹ̀ lásán. Ẹ kọ ebè fífẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Kódà lórí ilẹ̀ tó dára, ebè ni mo fara mọ́.

Ẹ yẹra fún ibi tí tòmátò, ata, ìgbá tàbí ànàmọ́ òyìnbó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí Verticillium ń bá gbogbo wọn jà. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló fẹ́, tí ìwọ̀n kíkan rẹ̀ (pH) jẹ́ 5.5 sí 6.5. Ẹ po ajílẹ̀ ewé tó ti jẹrà pátápátá mọ́ ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ìgbẹ́ ẹran tútù kò dára rárá: á jó gbòǹgbò, ó sì lè kó kòkòrò tó ń fa àìsàn ara èèyàn bá èso tí à ń jẹ ní tútù.

*Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ ọ ní oòrùn.* Èyí tó wá nínú ike ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ gbé e sábẹ́ bòòji ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó rí oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì ní ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ní ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an, ewé rẹ̀ á funfun, á sì jó. Onígbòǹgbò ìhòòhò kò nílò rẹ̀. Ohun tó nílò ni ìyára. Bí ẹ kò bá lè gbìn ín lọ́jọ́ tó dé, ẹ fi aṣọ tutù tí ẹ ti fún omi rẹ̀ dànù wé gbòǹgbò, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń dì, ẹ sì má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rẹ ẹ́ sómi.* Ẹ gbé ìṣù iyẹ̀pẹ̀ inú ike bọ omi títí tí kò fi ní yọ hóró afẹ́fẹ́ sókè mọ́. Onígbòǹgbò ìhòòhò á wà nínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí wákàtí kan. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi mọ́jú.

*Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gé e.* Ẹ já gbogbo òdòdó, èso àti ìtàkùn kúrò. Ẹ já ewé tó ti gbó tàbí tó ní àbàwọ́n, ẹ fi mẹ́ta sí mẹ́rin tó dára sílẹ̀. Ó ń dun èèyàn, mo mọ̀, pàápàá èso tó ti fẹ́ pọ́n. Ẹ jẹ ẹ́ bó bá ti pọ́n, ẹ sì gé ìyókù: omi tí kò ní lọ sínú wọn ni gbòǹgbò máa fi gbérí. Bí gbòǹgbò ìhòòhò bá gùn jù, ẹ gé e ku sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15; ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ ká a kò sínú ihò lọ. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti yí ìdí ike po, ẹ fi ìka tú u sílẹ̀ nísàlẹ̀, kódà bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá já.

*Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bó ṣe máa jìn tó.* Ẹ fara balẹ̀ níbí ju gbogbo ibòmíì lọ. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe òkìtì kékeré sí àárín rẹ̀, ẹ gbé ọrùn lé orí òkìtì náà, ẹ na gbòǹgbò sísàlẹ̀ yí i ká. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ padà títí ojú ilẹ̀ fi dé ìdajì ọrùn. Gbogbo gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn kí àlàfo má wà nídìí gbòǹgbò, ẹ bomi rin ín, ẹ wá tún un wò. Omi máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gbìn lè bá a wọlẹ̀, tàbí kí gbòǹgbò yọ síta. Ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 sí àárín ọ̀kan sí èkejì, kí atẹ́gùn lè gbẹ ewé.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbìn ín, tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn. Ẹ fi imọ̀ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún bí oòrùn bá mú. Níbi tí òtútù kì í ti í mú, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó tutù jù nínú ọdún ni ẹ gbìn ín, kí gbòǹgbò lè rí àyè kí ooru tó dé.

Bó bá jẹ́ inú ìkòkò ni, ẹ mú èyí tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 ó kéré tán, tó ní ihò nísàlẹ̀, ẹ má sì fi àwo olómi sábẹ́ rẹ̀. Ìkòkò dúdú nínú oòrùn á se gbòǹgbò. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dára jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà bomi rin ín. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì, sínú ìṣù iyẹ̀pẹ̀ tó bá a wá, kì í ṣe ní ọ̀ọ́kán sí i. Bó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi sí i pẹ̀lẹ́ títí yóò fi rin dé ìdí gbòǹgbò. Bó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí ewé bá rọ díẹ̀ lọ́sàn-án. Àárọ̀ ló dára jù, kí ẹ sì da omi sí ilẹ̀, kì í ṣe sí ewé tàbí àárín ọrùn. Lẹ́yìn tó bá ti mú ilẹ̀, nǹkan bíi lítà 25 fún mítà kan níbùú lóròó lọ́sẹ̀ tó o, pẹ̀lú òjò. Ooru tó mú lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé gbòǹgbò ti ń ṣiṣẹ́ láìhú u? Ẹ jí lọ wò ó kí oòrùn tó ràn, lẹ́yìn òru tí kò ní atẹ́gùn. Bí ẹ bá rí ìkán omi kéékèèké tó tò sí etí ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó eyín ewé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìrì. Gbòǹgbò ló tì í sókè lóru, tó sì fi ojú ihò etí ewé jáde. Inú mi máa ń dùn sí ìkán omi yẹn ju òdòdó lọ. Àmì kejì ni ewé tuntun tó là láti àárín, tó dán, tó sì tóbi déédéé. Ewé àtijọ́ lè gbẹ lásìkò kan náà. Ẹ má dá a lóhùn, àárín ni kẹ́ ẹ máa wò.

Kò sí ajílẹ̀ kankan títí ewé tuntun méjì sí mẹ́ta á fi là. Lẹ́yìn náà, ẹ po ajílẹ̀ olómi dé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì da á sí ilẹ̀ tó ti tutù. Nínú ìkòkò, ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó. Ẹni tó ń fi náítírójìn rọ́ ọ yó á rí ewé ńlá, èso tó rọ̀, àti kòkòrò.

Ẹ máa já òdòdó. Oríṣi tó ń so léraléra, ẹ já tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Oríṣi tó ń so lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ẹ bá gbìn ín ní kété kí àsìkò òdòdó tó dé, àṣà àwọn àgbẹ̀ ni láti já gbogbo òdòdó ọdún àkọ́kọ́ pátá. Èyí tó ti lo oṣù mélòó kan nínú ilẹ̀ kí òdòdó tó yọ, tí ọrùn rẹ̀ ti nípọn, lè so láìsí ewu. Ẹ máa já ìtàkùn náà, ó ń jẹ oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí èso ṣe ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tó bá ti dúró

Ẹ fi koríko gbígbẹ tí kò ní irúgbìn lára bo ilẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ọrùn díẹ̀. Á jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, kò sì ní jẹ́ kí èso sùn sórí ẹrẹ̀, níbi tí èbu eérú ti máa ń bá a. Ìgbín aláìníkarahun fẹ́ràn abẹ́ koríko yẹn, nítorí náà ẹ máa ṣí i wò ní alẹ́. Kòkòrò abẹ́ ewé tí mo mẹ́nu bà lókè kò fẹ́ omi. Ẹ fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára fọ abẹ́ ewé láàárọ̀ kó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí èso bá wọ́, tó rún lápá kan, àtíkè òdòdó ni kò dé gbogbo ojú rẹ̀. Hóró kéékèèké tó wà lára èso, tó lè tó 200, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ gba àtíkè kí ara èso abẹ́ rẹ̀ tó wú. Oyin ló ń ṣe é dáadáa. Lórí fèrèsé tàbí nínú ilé tí oyin kì í dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yí òdòdó ká lọ́sàn-án.

Àìrí àtíkè yìí náà ló da ọ̀rọ̀ rú fún àwọn tó kọ́kọ́ gbin sitirọ́bẹ́rì òkèèrè. Lọ́dún 1714, Amédée-François Frézier, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, kó oríṣi tó ń so èso ńlá dé láti orílẹ̀-èdè Chile. Wọ́n yè, wọ́n yọ òdòdó, ṣùgbọ́n èso kò wá, nítorí abo nìkan ló kó wálé. Ìgbà tí wọ́n gbìn wọ́n sí tòsí oríṣi Amẹ́ríkà ti Àríwá ni èso yọ, ibẹ̀ náà ni àdàlù tí à ń jẹ káàkiri ayé lónìí ti ṣẹ̀; Antoine Nicolas Duchesne, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1766. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, ẹyọ kan ṣoṣo lè so.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn òdòdó, èso á pọ́n. Ẹ jẹ́ kó pupa dé ìdí igi èso kẹ́ ẹ tó já a, nítorí kì í dùn sí i lẹ́yìn jíjá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èso á máa kéré, àrùn á máa pọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ní ibòmíì nínú ọgbà.

Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ tún rà. Lára ọ̀gbìn tó lera, tí ewé rẹ̀ kò ní àbàwọ́n rárá, ẹ jẹ́ kí ìtàkùn kan tàbí méjì na jáde lẹ́yìn ìkórè. Ọmọ àkọ́kọ́ lórí ìtàkùn, èyí tó sún mọ́ ìyá jù, ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ gbé e lé iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò kékeré, ẹ fi wáyà títẹ̀ dè é mọ́lẹ̀, ẹ máa jẹ́ kó tutù, ẹ má gé ìtàkùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ fà á díẹ̀: bí kò bá ṣí, ó ti ta gbòǹgbò. Ẹ gé ìtàkùn, ẹ fi í sílẹ̀ sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ó kọ́ láti máa dá omi fà, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sórí ebè, kí ìdajì ọrùn rẹ̀ wà lókè ilẹ̀.